Ẹni Tí Ó Wà Lẹ́yìn Aṣọ: Ọgbọ́n Àwọn Sùfí Nínú Sinimá Òde Òní

Ní ìlú Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, eré kan wà tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn láti máa wò lálẹ́: a ó ta aṣọ funfun, a ó tan fìtílà sẹ́yìn rẹ̀, òṣèré kan yóò sì máa fi awọ tí a gé ní àwòrán ènìyàn àti ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun, ṣeré níwájú iná náà, tí òjìji wọn yóò máa jagun, tí yóò máa ṣọ̀fọ̀, tí yóò máa ṣègbéyàwó lójú aṣọ, tí àwọn òǹwòran yóò sì máa rẹ́rìn-ín tí wọn yóò máa sunkún, àfi bí ẹni pé òjìji ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ibn al-Farid, akéwì kan nínú àwọn Sùfí (àwọn Mùsùlùmí tí ń fọ ọkàn wọn mọ́ láti sún mọ́ Ọlọ́hun), tí ó kú ní ìlú kan náà ní 1235, wo eré yìí, kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó mú un wọ inú ewì rẹ̀ tí ó gùn jù lọ, ó sì fi kọ́ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé rí, pé àwọn tí ń rìn lójú aṣọ pọ̀ lọ jàra, wọ́n ń pa ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń gbé gbogbo wọn, nígbà tí a bá sì ká aṣọ kúrò, Ẹni kan náà ni a ó bá níbẹ̀, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ibn Arabi, tí ó kú ní Damascus ní 1240, sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa eré òjìji yìí: àwọn ọmọdé a máa wò ó gẹ́gẹ́ bí eré lásán, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú inú wọn là mọ̀ pé àpẹẹrẹ ni Ọlọ́hun gbé kalẹ̀ fún wọn.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá dìde láàárín àwọn àgbà mọ́sálásí lónìí, tí ó sì wí pé òun rí ọgbọ́n àwọn wòlíì Ọlọ́hun nínú sinimá àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn kan yóò ní kí a lọ da omi tútù sí i lórí. Wọn kò jẹ̀bi pátápátá, nítorí ohun tí ó pọ̀ jù nínú sinimá kò yẹ ní wíwò fún ẹni tí ó mọyì àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bí àwọn àgbà Sùfí bá gbọ́ ìlù náà nínú awọ tí a gé tí a sì fi fìtílà tàn, kò sí ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ nínú sinimá, tí òun náà kò ju òjìji àti iná lọ. Junayd ará Baghdad, tí ó jẹ́ olórí àwọn Sùfí ní ìgbà tirẹ̀, ti sọ pé àwọ̀ ohun èlò tí a bá bu omi sí ni omi í gbé wọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ẹnu yà wá bí omi tí a mọ̀ ní Baghdad bá tún fara hàn nínú igbá tí a gbẹ́ ní Hollywood.

Òṣùwọ̀n kan ni mo ń lò láti fi ya ògidì kúrò lára ayédèrú, òun náà sì ni àwọn Sùfí ń lò láti ayébáyé: ta ni akọni ìtàn náà ń bá jà? Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá òde nìkan ni, tí ó pa á tán tí ìtàn sì parí, eré ogun ni, kí a wò ó kí a sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó ń bá wọ ìjàkadì, kí a jókòó dáadáa. Àwọn Sùfí ní orúkọ fún ọ̀tá inú ilé yìí, nafs ni wọ́n ń pè é: èmi-ni-mo-wà tí ó jókòó gbọnin sínú ọkàn ọmọ ènìyàn, tí kì í yó, tí kì í sùn, tí ó ń fẹ́ kí a yin òun kódà lórí ìrun tí a kí fún Ọlọ́hun. Hàdíìsì kan wà tí àwọn onímọ̀ sọ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n tí àwọn Sùfí kò jẹ́ kí ó jábọ́ lẹ́nu wọn, pé nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ti ojú ogun bọ̀, ó wí fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé wọ́n ti parí ogun kékeré, ó wá ku ogun ńlá, èyí tí olúkúlùkù yóò bá ara rẹ̀ jà.

Òṣùwọ̀n yìí a máa dójú ti ẹni tí ó bá ń fi aṣọ mọ ẹlẹ́sìn. Ẹ wo Dune, ìwé tí Frank Herbert kọ ní 1965, tí Denis Villeneuve sì sọ di sinimá ńlá ní 2021 àti 2024. Bí ẹ bá wò ó, ẹ óò gbọ́ orúkọ Máhídì, ẹ óò gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, ẹ óò rí aṣálẹ̀ àti ìwérí, ẹ óò sì rò pé inú àgọ́ àwọn Sùfí ni ẹ bọ́ sí. Kì í sì í ṣe pé kò sí ìdí fún bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí Herbert fa omi nínú rẹ̀ ni èyí tí Lesley Blanch kọ ní 1960 nípa Ìmáàmù Shamil, akọni orí òkè Caucasus, tí ó fi ọdún 25 kojú àwọn ará Rọ́ṣíà ní Dagestan àti Chechnya kí ó tó juwọ́ sílẹ̀ ní Gunib ní 1859, tí ó sì kú sí Mẹ̀dínà ní 1871. Ṣéù àwọn Sùfí ni Shamil í ṣe, lójú ọ̀nà Naqshbandi, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa fi síkírì pa ọkàn wọn pọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan idà. Nígbà tí ìtàn wọn wá dé inú Dune, idà ni ó bá wọn dé ibẹ̀. Tẹ̀sùbáà ti já sọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nínú ìtàn náà gba ìran rírí, ó gba agbára, ó gba ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí òun ṣe lè di ẹni tí kò jẹ́ nǹkan kan níwájú Ọlọ́hun, àtubọ̀tán rẹ̀ sì ni ogun tí ó pa ẹgbàágbèje ènìyàn lórúkọ rẹ̀. Herbert mọ ohun tí ó ń ṣe o; ìkìlọ̀ ni ó fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ nípa àwọn ènìyàn tí ń tẹ̀lé akọni bí àgùntàn, nínú ìwé tí ó tẹ̀lé e ní 1969 ni ó sì ti là á mọ́lẹ̀ kedere. Nítorí náà a lè kà á sí ìwé ọgbọ́n, ṣùgbọ́n láwàní kọ́ ni kéwú.

Ọ̀rọ̀ Star Wars yàtọ̀. George Lucas, tí ó gbé èkíní rẹ̀ jáde ní 1977, kò pe ara rẹ̀ ní Sùfí rí. Ọ̀dọ̀ Joseph Campbell tí ó kọ̀wé lórí ìtàn akọni káàkiri àgbáyé, àti nínú sinimá Akira Kurosawa ará Japan, ni ó ti kó èyí tí ó pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ Tùnísíà ni ó lọ ya àwòrán aṣálẹ̀ rẹ̀, ní Matmata àti ní erékùṣù Djerba, níbi tí ilé funfun àwọn wòlíì Ọlọ́hun ti àtijọ́ dúró sí etí òkun, tí ọ̀kan nínú wọn, Sidi Jemour, sì fara hàn nínú sinimá náà láìjẹ́ pé ẹni tí ń wòran mọ ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Nínú èyí tí ó jáde ní 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin Luke lọ bá Yoda, àgbàlagbà arúgbó tí kò ga ju ọmọdé lọ, tí ó ń gbé inú irà, pé kí ó kọ́ òun ní ọ̀nà àwọn Jedi, àwọn akọni onídà inú ìtàn náà. Ó kọ́kọ́ fojú di arúgbó náà, nítorí akọni ogun ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọjá lára ṣéù wọn lójú ọ̀nà tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kan, arúgbó ní kí ó wọ inú ihò kan, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò ní nílò ohun ìjà níbẹ̀. Luke kọ̀, ó gbé idà dání. Nínú òkùnkùn ihò, ọ̀tá rẹ̀ ńlá yọ sí i nínú ìbòjú dúdú. Ó gbé idà, ó bẹ́ ẹ lórí. Orí yí gbirigbiri, ìbòjú fọ́, ojú ara rẹ̀ ni ó sì rí tí ń wò ó láti inú rẹ̀.

N kò mọ ìwé kan tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nafs fún àwọn ọmọ òde òní ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó sì wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú Yoda. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ni pé Luke kò gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ní láti gé, ọkàn rẹ̀ ní láti bàjẹ́, ó di inú èyí tí ó jáde ní 1983 kí ó tó ju idà rẹ̀ nù níwájú ọ̀tá, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wo sinimá náà kò rántí ju ariwo idà iná lọ. Ẹ̀bi ta ni ìyẹn?

Ilẹ̀ Tùnísíà kan náà ni ó bí Nacer Khemir, ẹni tí ó ṣe sinimá Bab'Aziz ní 2005, tí òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ọ̀nà Sùfí. Arúgbó afọ́jú kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń rìn nínú aṣálẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn dárúwíìsì, àwọn Sùfí alárìnkiri, máa ń péjọ sí lẹ́ẹ̀kan ní 30 ọdún, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ìpéjọ náà yóò gbé wáyé. Ẹni tí yóò débẹ̀ ní láti máa rìn kí ó sì máa gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Sinimá tí ó lẹ́wà ni, ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò jẹ oyin nínú rẹ̀. Àléébù kan ni mo rí sí i, ìyẹn ni pé gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ti mọ̀ pé Ọlọ́hun ni wọ́n ń wá. Ìṣòro àwa tí a kò tíì mọ ohun tí a ń wá kò sí níbẹ̀.

Ìṣòro yẹn ni ó wà nínú The Matrix, tí àwọn ọmọ ìyá méjì Wachowski gbé jáde ní 1999. Ọmọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì, ó ń jẹ, ó ń sùn, ṣùgbọ́n ohun kan ń yún un nínú tí kò lè fọwọ́ họ, títí a fi fi hàn án pé gbogbo ohun tí ó ń rí jẹ́ àlá tí ẹ̀rọ ń lá fún un. Nígbà tí mo rí i, Abu Hamid al-Ghazali ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin yìí, ọmọ Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, sọ nínú ìwé tí ó kọ nípa ayé ara rẹ̀ pé ìgbà kan dé tí òun kò gbà ojú àti etí òun gbọ́ mọ́: bí a bá ń sùn, a gbà pé òtítọ́ ni àlá wa, ìgbà tí a bá jí ni a tó mọ̀, ta ni yóò wá fọwọ́ sọ̀yà fún òun pé ojú tí òun là sílẹ̀ yìí kì í ṣe oorun mìíràn? Fún nǹkan bí oṣù méjì ni iyèméjì náà fi dè é mọ́lẹ̀, ó sì sọ pé kì í ṣe àríyànjiyàn ni ó tú òun sílẹ̀, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun jù sí òun láyà.

Ibí yìí sì ni ọ̀nà wọn ti yà. Nínú sinimá, oògùn pupa kan ni ọmọkùnrin náà gbé mì tí ó fi jí. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ó ti gbé ìbọn, ó ń fò lórí òrùlé. Ghazali ní tirẹ̀ wà lórí àga olùkọ́ tí ó ga jù ní Baghdad ní 1095, tí àwọn mẹ̀kúnnù àti ọba ń bu ọlá fún un, nígbà tí ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò tí ó sì rí i pé òkìkí ni òun ń fi ẹ̀kọ́ òun wá, kì í ṣe ojú rere Ọlọ́hun. Ahọ́n rẹ̀ kú mọ́ ọn lẹ́nu, oúnjẹ kò lọ mọ́, àwọn oníṣègùn jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi ipò sílẹ̀, ó pín ohun ìní rẹ̀, ó gba Damascus, Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà lọ, ọdún 11 ni ó sì fi jìnnà sí àga olùkọ́. Ẹni tí ó jí nínú sinimá rí agbára. Ghazali jí, ìtìjú ni ó kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó sún mọ́ wa jù nínú The Matrix, lójú tèmi, ni Cypher, ọ̀dàlẹ̀ tí ó ti mọ òtítọ́ tán ṣùgbọ́n tí ó bẹ ọ̀tá pé kí wọ́n dá òun padà sínú àlá, nítorí adùn ẹran sísun tí ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹran. Ẹni tí ó bá ti gbààwẹ̀ rí, tí ó sì mọ ohun tí nafs máa ń sọ síni létí ní ọ̀sán gangan, yóò mọ ọkùnrin yìí bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ti ìtàn ìṣúra tí a ń wá lọ sókèèrè, mo lè yára sọ ọ́, nítorí pé Yorùbá ti fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Rumi, tí ó kú ní Konya ní 1273, sọ ọ́ nípa ọkùnrin Baghdad kan tí ó lá àlá ìṣúra ní Cairo, tí ó dé ọ̀hún tí wọ́n nà án, tí ẹni tí ó nà án sì wí fún un pé òun náà ń lá àlá ìṣúra nínú ilé kan ní Baghdad, ilé náà sì ni ilé ọkùnrin yìí gan-an. Paulo Coelho ará Brazil mú ìtàn náà, ó fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́ ní 1988, ó sì di The Alchemist tí ayé ń kà kiri. Sinimá The Wizard of Oz ti 1939 tilẹ̀ sọ ọ́ sunwọ̀n ju ti Coelho lọ, nítorí pé nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò inú rẹ̀ dé ààfin ẹni tí wọ́n rò pé yóò fún wọn ní ọpọlọ àti ọkàn àti ìgboyà, ajá kékeré kan ni ó wọ́ aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a sì rí i pé ògbólógbòó ẹlẹ́tàn ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ti wà lára wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra. Ìtàn àwọn ẹyẹ tí Attar ará Nishapur kọ nìyẹn, àwọn ẹyẹ tí ó kọjá àfonífojì méje láti lọ rí ọba wọn, tí 30 péré nínú wọn dé, tí wọ́n sì rí i pé àwọn gan-an ni àwọn ń wò. Àyàfi pé ẹ̀tàn ni ó wà lẹ́yìn aṣọ ti Amẹ́ríkà, Ọba tí kì í kú ni ó wà lẹ́yìn aṣọ ti Attar, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ìtàn àwọn ẹyẹ yìí ti kan ilẹ̀ wa rí: ní ìparí ọdún 1972, Peter Brook, olùdarí eré ará Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn òṣèré rẹ̀ gba Sàhárà láti Algeria wọ Nàìjíríà, Helen Mirren tí ó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wà nínú wọn, wọ́n sì ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí gbangba ìletò láti fi ìtàn náà dánra wò níwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n mú sinimá kan ṣoṣo wá, n kò ní mú èyí tí ó ní aṣálẹ̀, n kò sì ní mú èyí tí ó ní idà. Groundhog Day ni n ó mú, eré apanilẹ́rìn-ín tí Harold Ramis darí ní 1993, tí Bill Murray sì jẹ́ akọni rẹ̀. Oníròyìn ojú ọjọ́ kan, Phil, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí kò ka ẹnikẹ́ni sí, lọ sí ìlú kékeré kan ní Pennsylvania ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé. Ó sùn, ó jí ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ni. Ó tún sùn, ó tún jí, ọjọ́ kan náà ni. Rédíò ń kọ orin kan náà, ẹni kan náà ń kí i lójú títì, òun nìkan ni ó sì mọ̀ pé ọjọ́ kò yí.

Àlùkùránì dárúkọ nafs ní ipò mẹ́ta: èyí tí ń pàṣẹ ibi, nínú súrà Yúsúfù, èyí tí ń bá ara rẹ̀ wí, nínú súrà Kiyámà, àti èyí tí ó ti balẹ̀, nínú súrà Fájírì. Àwọn Sùfí gba wọ́n gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀gùn tí ọkàn ń gùn, Phil sì gùn ún níṣojú wa láìmọ̀. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀la kò sí, ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí èmi-ni-mo-wà máa ń ṣe bí ìbẹ̀rù bá kúrò lọ́rùn rẹ̀: ó jẹ àjẹkì, ó jalè, ó fi irọ́ tan obìnrin. Adùn náà gbó mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá kórìíra ara rẹ̀, ó pa ara rẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà, agogo mẹ́fà sì tún ń bá a lórí ibùsùn. Ìgbà tí kò sí ibi tí yóò sá sí mọ́ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹlòmíràn lójú. Arúgbó alágbe kan wà tí ó máa ń kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Phil bọ́ ọ, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó fi èémí sí i nínú, arúgbó sì ń kú lójoojúmọ́. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ohun kan wà tí agbára òun kò ká, ẹ̀kọ́ tí ó pọndandan fún ẹni tí ó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run. Ọmọ kan wà tí ó máa ń já bọ́ láti orí igi. Phil a máa sáré dé abẹ́ igi lójoojúmọ́ láti gbá a mú, ọmọ náà a sì sá lọ láìdúpẹ́. Kò dúpẹ́ rí, kò sì lè dúpẹ́ láé, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tí yóò rántí. Rabia, obìnrin mímọ́ ará Basra, ni ìtàn sọ pé ó gbé iná lọ́wọ́ kan, ó gbé omi lọ́wọ́ kejì, ó fẹ́ fi iná jó Àlùjánnà kí ó sì fi omi pa iná ọ̀run, kí àwọn ènìyàn lè sin Ọlọ́hun láìsí ìrètí èrè tàbí ìbẹ̀rù ìyà. Oore tí Phil ń ṣe lábẹ́ igi yẹn, tí kò ní èrè lónìí, tí kò sì ní ọ̀la tí èrè yóò fi dé, ni mo rí tí ó sún mọ́ ìfẹ́ Rabia jù lọ nínú gbogbo sinimá. Ìgbà tí ó lo ọjọ́ náà tán pátápátá fún àwọn ẹlòmíràn, tí kò sì retí kí ó parí mọ́, ni ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé tó mọ́.

Ẹni tí ó bá mọ àwọn ará Tijániyà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà Sùfí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, yóò mọ ìdí tí sinimá yìí fi wọ̀ mí lára. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ọ̀nà náà ń ka wírídì rẹ̀: yóò tọrọ àforíjì ní ìgbà 100, yóò ṣe àsàlátù fún Ànábì ní ìgbà 100, yóò sì jẹ́rìí pé kò sí ọba mìíràn àfi Allāhù ní ìgbà 100. Ọ̀la bẹ́ẹ̀, ọ̀túnla bẹ́ẹ̀, títí ikú. Ẹni tí ó wà lóde a máa bèèrè pé kí ni àǹfààní kí a máa sọ ohun kan náà lójoojúmọ́; ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni kò yí padà, ẹni tí ń sọ ọ́ ń yí padà. Ramis fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, àwọn Júù àti àwọn àlùfáà Kátólíìkì ń kọ̀wé sí òun pé ẹ̀sìn àwọn ni òun fi ṣe sinimá. Èmi kò ní bá wọn du ú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ó wá ku ibi tí sinimá kò lè mú wa dé. Al-Qushayri, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó to ẹ̀kọ́ Sùfí lẹ́sẹẹsẹ, ya ohun méjì sọ́tọ̀: ipò ọkàn tí ó jẹ́ ẹ̀bùn, tí ó ń dé gbì tí ó sì ń lọ gbì, àti ìbùdó tí ènìyàn fi làálàá dé, tí ó sì ń gbé níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni sinimá lè fúnni. Omijé tí ó bọ́ lójú wa nígbà tí Luke ju idà nù kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbẹ. Kí a tó dé ibùdókọ̀ a ti ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà lórí ṣéńjì. Ìtàn Mùlá Nasrudin, aláwàdà tí àwọn Sùfí fi ń kọ́ ọmọ, bá ọ̀rọ̀ yìí mu: kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù sínú ilé, ó ń wá a lábẹ́ fìtílà ìta, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè, ó ní ìta ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ilé sinimá ni ìmọ́lẹ̀ wà. Kọ́kọ́rọ́ wà nílé, nínú òkùnkùn, lábẹ́ ohun tí a kò fẹ́ gbé. Bí ẹni fi ẹ̀fẹ̀ sí i ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Nasrudin fúnra rẹ̀ nínú sinimá: Richard Williams, ayàwòrán tí ó ti yàwòrán sí ìwé òǹkọ̀wé Idries Shah lórí àwàdà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sinimá kan lé e lórí ní àwọn ọdún 1960, ìjà dé láàárín òun àti ìdílé Shah, Nasrudin bọ́ kúrò nínú rẹ̀, ó di The Thief and the Cobbler, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Williams ní 1992 kí ó tó parí rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì gé e bí ó ṣe wù wọ́n.

Ohun kejì tí sinimá kò lè fún wa ni olùkọ́. Yoda kò lè na ọwọ́ jáde láti ojú aṣọ kí ó wí fún wa pé irọ́ ni a ń pa fún ara wa. Ṣéù tí ó wà láàyè a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ràn Yoda ju ṣéù àdúgbò wọn lọ.

Mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kan síwájú àwọn ọmọ wa tí ń ṣe sinimá àgbéléwò, pàápàá àwọn tí a bí sí ilé kéwú ní Ìlọrin, ní Ìwó, ní Ẹdẹ àti ní Ìbàdàn. Àìmọye ìgbà ni ẹ ti fi aáfà hàn wá tí ó ń gbé tẹ̀sùbáà sókè, tí àjẹ́ ń ṣubú, tí oṣó ń jẹ́wọ́, tí ọ̀tá ń ya wèrè lọ́jà. A ti rí i, a ti pàtẹ́wọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Agbára ni ẹ ń fi hàn, nafs kò sì kórìíra agbára. Ẹ ní ìtàn tí ó ju ti Phil lọ nílé yín. Kí ọ̀kan nínú yín gbé kámẹ́rà, kí ó ya aáfà kan fún wa tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí ó jí lóru ọjọ́ kan tí ó sì rí i pé nítorí ìdọ̀bálẹ̀ náà ni òun ṣe ń wàásù. Kí ó fi bí ó ṣe bá ara rẹ̀ jà hàn wá láìsí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Àwa yóò sanwó wò ó.